Ìwé iṣẹ́ méjì àti fellowship kan: èwo ni kí oníṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ tó ń parí residency mú?

Aṣẹ̀ṣẹ̀yọ Ọ̀gọ̀mọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí yín o. Ọdún kẹta residency mi, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwòsàn lẹ́yìn oyè dókítà, ni mo wà ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórí ìtọ́jú àti iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, ìparí oṣù kẹfà ni mo sì máa ṣe tán. Ìwé iṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi báyìí, n kò sì fẹ́ fi ìkánjú mú èyí tí màá máa kábàámọ̀ rẹ̀.

Èkíní wá láti kílíníìkì aládàáni kan ní ẹ̀gbẹ́ Houston, níbi tí ìyá mi ń gbé. Wọ́n ní àwọn á máa san 120,000 dọ́là fún mi lọ́dún, àwọn á sì fi ìdá 30 nínú 100 kún un lórí owó tí mo bá pa wọlé kọjá 360,000 dọ́là. Èkejì wá láti ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan ní Kansas, níbi tí n kò ti mọ ẹyọ ẹnì kan: 265,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, iye iṣẹ́ tí mo bá ṣe ni wọ́n á máa fi ṣírò owó mi. Yàtọ̀ sí méjèèjì, ọ̀gá tó ń kọ́ wa níbí ń rọ̀ mí pé kí n lọ lo ọdún kan sí i nínú fellowship, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn residency. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn mi ti lé ní 300,000 dọ́là.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ wo kílíníìkì Houston yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, aláìsàn 21 ni mo bá wọn wò, 18 nínú wọn ló sì jẹ́ pé èékánná ẹsẹ̀ ni wọ́n wá gé. Mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń to eegun ọrùn ẹsẹ̀ tó fọ́ pọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi irin di ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti ba eegun rẹ̀ jẹ́. Ṣé ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ń lọ nìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Texas, kílíníìkì tèmi gan-an ni mo sì ń bójú tó báyìí, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra iṣẹ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí á jọ ka ìwé tí wọ́n fún ọ. Bí o bá pa 420,000 dọ́là wọlé lọ́dún, èyí tí kì í ṣe eré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 60,000 péré ló kọjá ààlà tí wọ́n fà, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ 18,000. Gbogbo owó rẹ á wá jẹ́ 138,000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí kọ 141,650 dọ́là sílẹ̀ fún dókítà ẹsẹ̀ tó wà ní agbedeméjì, ẹni tí ìdajì wa ń gbà jù ú lọ tí ìdajì sì ń gbà dín sí tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ ṣe dáadáa fún ọ, o kò tíì dé àárín.

Tún wo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà: owó tí wọ́n gbà sọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣírò, kì í ṣe owó tí o kọ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n san. Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó lè san kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ, èyí sì lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí kílíníìkì bá fi ìwé rẹ jáfara, ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún àkọ́kọ́ rẹ ti wọgbó. Béèrè ẹni tó ń bá wọn gba owó, béèrè iye tí dókítà tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ pa wọlé ní ọdún kejì rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí ìṣirò náà lóṣooṣù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi gbà, n kò béèrè ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀gá tó gbà mí ní òun á jẹ́ kí n ra ìpín nínú kílíníìkì lẹ́yìn ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Gbogbo aláìsàn tó bá jọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, yàrá tirẹ̀ ni àwọn tó wà níwájú ń darí wọn sí. Èmi ni mo ni èékánná àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti yi. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n fi ibi tí mo fọwọ́ sí hàn mí, pé n kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì 15 sí wọn fún ọdún méjì, àti pé èmi ni màá san owó ààbò ẹ̀yìn, ìyẹn owó adójútòfò tó ń bo dókítà lórí ẹjọ́ tí aláìsàn lè pè lẹ́yìn tó bá ti kúrò níbẹ̀. Owó yẹn nìkan ju owó adójútòfò odidi ọdún kan lọ. Ẹnikẹ́ni kò jà mí lólè o. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé láìfi han agbẹjọ́rò. Bí o bá sì gbọ́ pé ìjọba ti fòfin de àdéhùn máìlì yẹn, òótọ́ ni pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2024, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Texas níbí wọ́gi lé e ní oṣù kẹjọ ọdún náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí màá ti ta kò ọ́ ni ojú tí o fi wo èékánná. Medicare, adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, gbà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, tàbí tí àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, máa wá fún ìtọ́jú èékánná, kó ṣáà ti tó ọjọ́ 60 láàárín ìgbà kan sí èkejì. Ẹni tó ń jókòó lórí àga rẹ nígbà mẹ́fà lọ́dún, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ fi egbò rẹ̀ hàn, ìwọ ni ọmọ rẹ̀ á sì pè nígbà tó bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá, orí àga èékánná ni wọ́n ti wá. Bí wọ́n bá fún ọ ní èékánná tí wọ́n sì jẹ́ kí o tọ́jú ohun tó bá ti ibẹ̀ yọ, gbà á. Bí wọ́n bá ń gba ohun tó yọ mọ́ ọ lọ́wọ́, sá.

Oníṣẹ́ Ìgbèríko

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ilé ìwòsàn ìlú tí èrò rẹ̀ kò tó 20,000 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pè yín yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ilé ìwòsàn ṣe ń rìn, nítorí wọn kì í kọ́ wa ní residency.

Gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe ló ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní wRVU. Aláìsàn àtijọ́ tó wá fún ìbẹ̀wò tí kò le, tí a ń fi kóòdù 99213 kọ, jẹ́ 1.3. Títún bunion ṣe, ìyẹn eegun tó yọ gọnbu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tí a gé eegun náà tí a tò ó tí a sì fi ìdè dè é, sún mọ́ 8. Ó jọ pé iṣẹ́ abẹ ló lérè, àbí? Ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 tó tẹ̀lé e wà nínú owó kan náà: ọjọ́ tí ẹ tú báńdéèjì, ọjọ́ tí ẹ yọ okùn tí ẹ fi rán an, ọjọ́ tí ìyá àgbà tún padà wá pé ẹsẹ̀ òun wú. Ìbẹ̀wò kékeré mẹ́fà, tí ẹ lè ṣe láàárín wákàtí méjì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bunion kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ abẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń mú òun ṣe é, kì í ṣe owó.

Ìdí tí ilé ìwòsàn fi lè san 265,000 ni pé owó dókítà nìkan kọ́ ni wọ́n ń rí lórí yín; wọ́n ń rí owó yàrá iṣẹ́ abẹ, owó àwòrán, owó yàrá àyẹ̀wò, owó ibùsùn. Aládàáni kò ní gbogbo ìyẹn, owó dókítà tí Medicare ń san sì ti dín kù sí ti àtijọ́: ní 2001, òṣùwọ̀n kan nínú ìṣirò wọn jẹ́ dọ́là 38 lé díẹ̀, ní 2025, ó jẹ́ dọ́là 32 àti sẹ́ǹtì 35, ẹ má tíì wá sọ ti ọjà tó ti wọ́n láàárín ọdún 24 yẹn. Ẹ má bínú sí ọ̀gá kílíníìkì tó ń fún yín ní 120,000. Ó lè jẹ́ pé ohun tó lágbára nìyẹn.

Ẹ wá ṣírò ọdún kẹta yín ní Kansas. Bí wọ́n bá ń san 50 dọ́là lórí òṣùwọ̀n kan, ẹ nílò 5,300 kí owó yín má bàa já wálẹ̀. Dókítà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín, mélòó ló ń ṣe? Kí ló dé tó fi lọ? Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ pè é. Ó rọrùn fún àwọn tó ń gbani síṣẹ́ láti sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ti lọ ni kò ní nǹkan kan láti tà fún yín.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju owó lọ ni board. Bí ẹ bá ti yege ìdánwò àkọ́kọ́ ti American Board of Foot and Ankle Surgery, ọdún méje ni wọ́n fún yín láti kó iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi jọ tí wọ́n á yẹ̀ wò kí wọ́n tó fún yín ní ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í jẹ́ kí dókítà ẹsẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ wọn pẹ́ bí kò bá ní ìwé yẹn. Ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọn kì í ti í fún un ní iṣẹ́ abẹ ti sọ nǹkan bí ìdajì àsìkò náà nù, iṣẹ́ kejì tí yóò wá yóò sì máa bi í pé ìwé rẹ̀ dà. Ibi tí iṣẹ́ abẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ni èmi máa ń wakọ̀ kí n tó rí gààrí àti ẹ̀gúsí rà.

Ẹsẹ̀gìrì

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa ti ìgbèríko ní gbogbo ọ̀nà, àfi ti gààrí, nítorí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé wa báyìí.

Lórí fellowship: ọdún kan ni, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti resident lọ, nítorí náà bí ẹ bá fi Kansas sílẹ̀ torí rẹ̀, owó tó tó 200,000 dọ́là ni ẹ fi sílẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ẹni tó fẹ́ máa fi ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ máa fi àgọ́ irin tí ń wà níta ẹsẹ̀ to eegun, tàbí ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà eegun, àwọn wọ̀nyẹn ni fellowship tí American College of Foot and Ankle Surgeons fọwọ́ sí ń ṣí ilẹ̀kùn fún. Dókítà eegun tó ń wá ẹni tí yóò bá òun pín iṣẹ́ ẹsẹ̀ sábà máa ń fẹ́ rí orúkọ ẹni tó mọ̀ nínú ìwé yín.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ yín wò ná. Iye tó kéré jù tí residency wa gbọ́dọ̀ fúnni ni iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ 300, àti 50 ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ tó le. Bí tiyín bá jẹ́ 60 nínú èyí tó le, tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n bí ọ̀gá bá jáde kúrò ní yàrá, ẹ lọ ṣe fellowship. Bó bá ti kọjá 200, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ di ọ̀bẹ mú tí kì í ṣe pé ẹ kàn di ẹsẹ̀ mú fún un, ọ̀gá yín fẹ́ràn yín ni, ẹ kò nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún ti aládàáni. Bí kílíníìkì kan bá ń pè yín tí owó tó fi lọ̀ yín pọ̀ lọ́nà tó ń ṣeni ní kàyéfì, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń mú owó náà wá. Láwọn ọdún tó kọjá, àwọn kan rí owó ńláńlá lórí awọ àtọwọ́dá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ egbò, nítorí pé owó tí olúkúlùkù iléeṣẹ́ tó ń ṣe é bá pè é ni Medicare ń tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, iye kan náà ni Medicare ń san lórí sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó sì kéré púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n kọ lórí owó ọdún 2024 lè máà rí owó tí wọ́n á fi mú un ṣẹ mọ́.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kò dárúkọ ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Kí ó tó di 2018, owó táṣẹ́rẹ́ ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ni wọ́n, ń san fún dókítà ẹsẹ̀, tí wọn kò kà wá mọ́ àwọn dókítà yòókù. Òfin VA MISSION tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2018 ló yí i padà, tó fi wá sí ìpele owó kan náà pẹ̀lú àwọn dókítà àti oníṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà náà, àyè tó bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ kún. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún VA tàbí fún ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè, tó sì san gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ nígbà 120 lábẹ́ ètò PSLF, wọ́n á dárí ìyókù jì í. Bí ilé ìwòsàn residency yín bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ti ń san gbèsè náà lábẹ́ ètò tó yẹ láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta ti lọ nínú mẹ́wàá yẹn. Pẹ̀lú gbèsè 300,000, ìyẹn nìkan lè tó láti pinnu fún yín. Ẹ wádìí bóyá ilé ìwòsàn Kansas yẹn wà lára wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ gba gbogbo ọkàn yín. Iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè yìí kò ní kọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa ni dídá ẹsẹ̀ sí. Ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 38 lọ ló ní àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọmọdínrín ẹsẹ̀ tó ti dúdú bí èédú, ó ní bàtà ló ha á. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípò kó máa dún kì-kì-kì, afẹ́fẹ́ lásán ni mo ń gbọ́. Bí mo bá gé ìka yẹn lọ́jọ́ náà, ojú egbò kò ní jinná, ìka kejì á tẹ̀ lé e, kó tó pẹ́ a ti dé abẹ́ orúnkún. Mo rìn lọ sí yàrá tó kàn, mo pe dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ṣí iṣan náà lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí ẹsẹ̀ gbóná ni mo tó gé ìka kan ṣoṣo. David Armstrong, dókítà ẹsẹ̀ tó wà ní University of Southern California, wà lára àwọn tó gbé irú àjọṣe yìí lárugẹ, tí wọ́n ń pè é ní “toe and flow”: dókítà ẹsẹ̀ àti dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Ilé ìwòsàn tó bá ní ètò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí dókítà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá dé Kansas fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ béèrè bóyá dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Bí kò bá sí, gbogbo ẹsẹ̀ tó dúdú ni ẹ ó máa fi ọkọ̀ gbé lọ sí ìlú mìíràn.

Aṣẹ̀ṣẹ̀yọ Ọ̀gọ̀mọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. N kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń ṣírò ọjọ́ 90 mọ́ owó iṣẹ́ abẹ. Ìbéèrè kan ló kù: mo gbọ́ pé wàhálà wà lórí ọrùn ẹsẹ̀ ní Texas. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Ní 2001, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa nígbà náà ṣe òfin kan pé ọrùn ẹsẹ̀ wà lára ohun tí dókítà ẹsẹ̀ lè tọ́jú. Àwọn dókítà eegun gbé e lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Austin sì fagi lé òfin náà ní 2008, pé ìgbìmọ̀ ti na ìtumọ̀ ẹsẹ̀ kọjá ibi tí òfin fi í sí. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ òfin Texas ni, ẹjọ́ yẹn ì bá má wáyé, nítorí láti itan ni ẹsẹ̀ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. New York náà pẹ́ kó tó gbà: ọdún 2014 ni òfin tó jẹ́ kí àwọn tó ní àfikún ìwé àṣẹ máa tọ́jú ọrùn ẹsẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìlẹ̀kùn méjì ló wà, àbúrò mi. Òfin ìpínlẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí o lè ṣe ní yàrá iṣẹ́ abẹ wọn, dókítà eegun sì lè wà nídìí tábìlì yẹn. Má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lórí èyí. Pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé àwọn dókítà nílé ìwòsàn náà, sọ pé kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù tí dókítà ẹsẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí ọ. Bí ọrùn ẹsẹ̀ kò bá sí lórí fọ́ọ̀mù náà, kò sí.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. MBBS ni mo ní, mo sì ń ṣiṣẹ́ abẹ nílé. Ṣé mo lè bọ́ sínú residency yín ní tààrà?

Ẹsẹ̀gìrì

Rárá, Dókítà. DPM ni oyè tó ń múni wọ residency wa, ọdún mẹ́rin ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀, ìdánwò rẹ̀ sì yàtọ̀ sí USMLE, ìdánwò àṣẹ tí àwọn dókítà yòókù ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ eegun ni ẹ fẹ́, ọ̀nà ECFMG, àjọ tó ń yẹ ìwé àwọn dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè wò, tí àwọn dókítà wa ń gbà ni kí ẹ gbà.

Ará London

Kí àwọn tó ń rò pé àwọn lè gbé DPM wá sí Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́: níbí, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni podiatry, HCPC, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìlera, ló ń forúkọ wa sílẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn dókítà. Oníṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó gùn lẹ́yìn oyè ló ń sọni dà á, àyè rẹ̀ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba, kò sì pọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Toronto náà ní Ontario kò fi dókítà ẹsẹ̀ tuntun kún ìwé wọn mọ́ láti 1993, àfi kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí chiropodist tí àṣẹ rẹ̀ kéré.

Aṣẹ̀ṣẹ̀yọ Ọ̀gọ̀mọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣe díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi: iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ tèmi ti lé ní 180. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé n kò ní ṣe fellowship. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun á kọ lẹ́tà fún mi níbikíbi tí mo bá ń lọ.

Kílíníìkì Houston kò fẹ́ sọ iye tí dókítà ìṣáájú pa wọlé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ìyá mi bínú nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ṣé èmi nìkan ni yóò máa sun inú òtútù níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọkọ̀ òfurufú ń lọ síbẹ̀ tààrà.

Kansas fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, ọrùn ẹsẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè ni wọ́n. Mo wá nọ́ńbà dókítà tó lọ, mo pè é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, a sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 40. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ dára, wọ́n sì ń san owó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún òun ní yàrá iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ọrùn ẹsẹ̀ tó bá sì gba yàrá pàjáwìrì wọlé, dókítà eegun ni wọ́n ń pè. Kò sẹ́ni tó ṣe é níkà. Kò kàn béèrè rẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́ síwèé, nígbà tó sì wá béèrè, àwọn ẹlòmíì ti gba àyè náà.

Nítorí náà, mo ti kọ̀wé padà sí wọn pé Ọjọ́bọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, àti pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé èmi àti dókítà eegun á máa pín ìpè pàjáwìrì lórí ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gba ti Ọjọ́bọ̀. Ti ìpè pàjáwìrì, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ bá dókítà eegun náà sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò mi ní kí n má tíì fi Ohio sílẹ̀ lọ wo ilé níbẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn.